Sàláàdì Ọjọ́ Gálílì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga kọjá etí kànga ẹ̀yìnkùlé wa, sàláàdì ní oṣù tirẹ̀ nínú ọdún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Àkúrẹ́ ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ó mọ oṣù tí mò ń wí. Òun ni ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí eruku ọyẹ́ ti ṣàn kúrò lára ewé, tí ilẹ̀ sì ń rùn bí ìkòkò tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Kaṣú ń já bọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìbẹ́pẹ ń pọ́n lórí igi. Àwọn obìnrin Ọ̀bà-Ilé á ru ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá sí Ọjà Ọba láti ìdájí, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọjà títí dé ibi tí àwọn aránṣọ jókòó sí.

Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni à ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàámi, ará Oǹdó ni. Màámi jẹ́ ọmọ bíbí Àkúrẹ́, olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí inú bá ń bí i, èdè Àkúrẹ́ ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ jáde, iṣẹ́ á di uṣẹ́. Ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Dèjì bá ti gbọ́ ‘uṣẹ́’, a ti mọ̀ pé kí oníkálukú wá nǹkan ṣe.

Sàláàdì tí Màámi ń ṣe kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣe níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n máa ń da ẹ̀wà inú agolo àti ẹja inú agolo sí, tí wọ́n á wá fi kírímù funfun bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń bo òkú. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń ra létúùsì lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ọjà Ọba tó ń kó o wá láti ọgbà etí odò. Ó ní kùkúńbà àti tòmátì ní ẹ̀yìnkùlé wa. Á gé ìkàn funfun pẹlẹbẹ bí ìwé, á gé àlùbọ́sà, á sì ha káróòtì. Lẹ́yìn náà ni èso á wọlé: ìbẹ́pẹ tí kò tíì rọ̀ jù, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti ọsàn tí Dèjì gbọ́dọ̀ bó títí kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, kó sì yọ gbogbo kóró. Iṣẹ́ ọsàn yìí wọ Dèjì lára. Ó máa ń jẹ mẹ́ta kó tó ju ẹyọ kan sínú abọ́. Màámi á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, á fi oyin díẹ̀ sí i, iyọ̀ díẹ̀, ata gígún díẹ̀, ewé efinrin méjì tí ó fi ọwọ́ ya. Ẹ̀pà yíyan tí a gún wẹ́wẹ́ ló máa ń wọ́n sí i kẹ́yìn. Bí a bá fi eyín kàn án, yóò máa dún wàrà-wàrà lẹ́nu, omi tútù á tú jáde, dídùn àti kíkan á dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tèmi ni fífọ ewé. Abọ́ omi mẹ́ta ni Màámi máa ń tò sí iwájú mi. Èkíní wà fún iyanrìn. Iyọ̀ wà nínú èkejì, n ó ri ewé sínú rẹ̀, n ó sì ka ení, èjì títí dé ọ̀ọ́dúnrún kí n tó yọ ọ́. Ẹ̀kẹta wà fún ṣíṣàn án. Kò sí ọdún tí kò sọ ọ́ létí mi: “Ṣadé, iná kò ní kan èyí o. Ọwọ́ rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.”

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ará Èkìtì ti ń kó lọ sí Adó, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba tiwọn wà báyìí. Ilé mẹ́rin ti ṣófo ní òpópónà wa. Nínú àwọn tí a jọ ń ta tẹ́ńtẹ́ń, eré ẹsẹ̀ àwa ọmọbìnrin, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Kẹ́mi, ọmọ ilé kejì. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni ọkọ̀ máa wá kó ẹrù àwọn náà.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí àwa ń pè ní Gálílì, ni àwọn ará Oǹdó máa ń wá bá wa jẹun. Bàbá Oǹdó, bàbá tó bí Bàámi, á wá. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í pariwo. Màmá Yàbá, ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin, á tẹ̀ lé e. Yàbá ti Oǹdó ni o, kì í ṣe ti Èkó. Òun ló ń tọ́jú Bàbá láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kò sì fi ọ̀rọ̀ Bàbá ṣeré rárá. Ó gbà pé oúnjẹ tí kò bá ti gbóná, tí kò rú èéfín, ewúrẹ́ ló ni ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Gálílì yẹn, mo jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, abọ́ mẹ́ta wà níwájú mi, mo ti ri ewé sínú èkíní. Omi náà di pupa bí omi ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí Kẹ́mi fi yọrí lórí ògiri.

“Ṣadé, ṣé o ò ní wá ni? Mọ́mì mi ní tó bá di ọ̀la, n kò ní ráyè jáde mọ́, a fẹ́ di ẹrù.”

Mo wo abọ́ kejì. Mo wo abọ́ kẹta. Mo gbọn ewé yẹn, mo tò ó sínú ajọ̀, mo sì da omi inú abọ́ méjèèjì tí n kò lò sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè dà bíi pé mo lò wọ́n. Mo rántí ìyẹn dáadáa, nítorí pé ìyẹn ló fi hàn pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo ṣe fẹ́ fò jáde, Màámi pè láti ilé ìdáná.

“Ṣé ó di ẹ̀ẹ̀mẹta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

A ta tẹ́ńtẹ́ń títí ẹsẹ̀ wa fi pupa fún eruku. Kẹ́mi ló jẹ mí.

Ní ọ̀sán, a jẹ iyán, lẹ́yìn rẹ̀ ni Màámi gbé sàláàdì kalẹ̀ nínú abọ́ dígí ńlá tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bàbá jẹ àwo méjì. Ó ní ó ń mú ọ̀fun òun tutù. Màmá Yàbá tọ́ ṣíbí kan wò, ó sì ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ̀yin olùkọ́ yìí,” ni ó wí, “ewé ni ẹ máa fi pa wá.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màámi gan-an rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Oǹdó.

Ní ọjọ́ kejì, inú ń run èmi àti Dèjì, a ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bàámi náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn nítorí àgbà ni. Màámi po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó fún wa mu. Ó ní bóyá iyán ni a jẹ jù. Ní Ọjọ́rú, bí ọkọ̀ ẹrù ti àwọn Kẹ́mi ṣe ń jáde, ọkọ̀ akérò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Awakọ̀ tó mọ Bàámi dáadáa ni. Màmá Yàbá ló rán an. Ó ní Bàbá wà ní ọsibítù ní Oǹdó, pé inú rẹ̀ kò dúró láti alẹ́ ọjọ́ Gálílì, pé kò lè dìde mọ́, wọ́n sì ti ń fa omi sí i lára.

Bàámi bá a lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Màámi rọ ògì gbígbóná sínú fúláàsì, ó sì mú mi dání láti bá a gbé àpò. Mo gbé orí lé àpò náà láti Àkúrẹ́ títí a fi dé Oǹdó. Màámi rò pé òòyì ọkọ̀ ló ń kọ́ mi.

Màmá Yàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tẹ́ Bàbá sí. Aṣọ tó wọ̀ ní ọjọ́ Gálílì ṣì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Màámi kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì na fúláàsì sí i. Màmá Yàbá kò gbà á.

“Ìyá Dèjì, gbé oúnjẹ rẹ padà. Èyí tó o fún un lọ́jọ́sí la ṣì ń tọ́jú.”

Kò pariwo. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ, wọ́n sì ń wo Màámi. Màámi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó wọlé lọ kí Bàbá. Èmi dúró síta pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Láti ojú fèrèsé, mo rí ẹsẹ̀ Bàbá tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ funfun, ó gbẹ bí igi. Mo rò pé bó bá kú, èmi ni mo pa á. N kò rò pé mo lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá kò kú. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sí ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti délé kó tó délé. Nínú ẹbí Bàámi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màámi ní olùkọ́ eléwé. Bí a bá lọ sí Oǹdó fún ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, bí Màámi bá se ìkòkò ọbẹ̀ kan, ìkòkò yẹn nìkan ló máa ń kún padà wálé. Bàámi bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Màámi kàn ń gbé ìkòkò rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè la ẹnu. Ọ̀sán Sátidé kan ni, òjò ń rọ̀, èmi àti Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ ewé náà, pé mo da omi iyọ̀ nù. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“O dà á nù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo sì bi ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó gbé ẹ̀wà ka iná, ó ní kí n kojú sí ògiri, kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí ẹ̀wà yóò fi jinná. Ẹ̀yin tó mọ ẹ̀wà ìgbà yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìyà kékeré. Nígbà tó yá, ó wá jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìn mi.

“Má ṣe sọ èyí ní Oǹdó,” ni ó wí. “O gbọ́? Bí wọ́n bá gbọ́, wọn á ní n kò kọ́ ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn á sì tún dà bíi pé mò ń fi ọmọdé bo ara mi. Èmi ni mo ni ilé ìdáná. Uṣẹ́ mi ni láti wo inú abọ́, n kò sì wò ó.”

Mo ti rò pé bí mo bá ti jẹ́wọ́, ara á tù mí. Kò tù mí. Títí di ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo gbé ẹrù náà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo wá ń wo Màámi bí ó ṣe ń gbé e, tó sì mọ ẹni tó ni ín.

Ọdún yí po. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kùkúńbà sì so ní ẹ̀yìnkùlé, ó sùn sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Màámi pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Kò ra létúùsì. Àjíǹde dé, ó kọjá, a jẹ ìrẹsì. Àwọn ará Oǹdó kò wá.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn èyí, a gbọ́ tí ẹnì kan ń kan géètì. Bàbá ni, òun nìkan. Agbọ̀n kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì àti ìkàn funfun láti oko rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti nǹkan kan tó fi ewé kókò wé. Bàámi kò sí nílé. Màámi sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó gbé àga fún un sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Bàbá mu omi tán, ó tú ewé kókò náà. Létúùsì ni. Ó ti yà ní Ọjà Ọba kó tó wá.

“Ìyàwó, ewé ọjọ́sí yẹn, ṣe é fún mi.”

Màámi kò dìde lórí eékún. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. N kò ṣe é mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀yin náà mọ ohun tó dé, Bàbá.”

“Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dùn,” ni Bàbá wí. “Ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo mu omi inú kòtò lóko, kò pa mí. Èmi ni mo gba àwo kejì, ìwọ kọ́ lo fi sí mi lẹ́nu.”

“Wọn á tún sọ̀rọ̀, Bàbá.”

Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú wọn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Ó fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́, mo sì rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

“Bàbá, èmi ni. Èmi ni mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ lọ ṣeré.”

Bàbá wò mí. Ẹyẹ kan ń sọ ìbẹ́pẹ lórí wa.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ní kó o fọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lo fọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

Ó yíjú sí Màámi. “Ìwọ mọ̀?”

“Ó sọ fún mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná mi ni.”

Bàbá kò bá mi wí. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ kànga. “Lọ gbé abọ́ mẹ́ta wá,” ni ó wí fún mi.

Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Ó yẹ ewé kọ̀ọ̀kan wò ní iwájú àti ẹ̀yìn bí ẹni ń wo kòkó tó fẹ́ tà. Nígbà tó kan omi iyọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á jáde, ní ohùn Oǹdó, mo sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé igba, ó ṣì í kà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dèjì ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò jẹ ẹyọ kan. Màámi gé gbogbo nǹkan tó kù. Ìgbà tó fẹ́ wọ́n ẹ̀pà sí i ni mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní àlùbọ́sà ni.

Bàbá jẹ àwo méjì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó sùn ní ilé wa ní ọjọ́ yẹn, ó sì sùn ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ní Ọjọ́ Ajé, ó ní kí Màámi tún ṣe òmíràn sínú kúlà, kí gbogbo wa jọ lọ sí Oǹdó.

Ní Yàbá, ó gbé kúlà náà ka iwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin. N kò mọ ohun tó ti sọ fún un nínú yàrá kí wọ́n tó jáde sí wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màmá Yàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wo Màámi, ó sì jókòó. Ó bu ṣíbí kan. Ó bu ìkejì. Ó jẹ àwo náà tán.

“Iyọ̀ rẹ̀ kò tó,” ni ó wí.

“N ó fi kún un nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi,” Màámi dáhùn.

“Kó o fi kún un. Àti pé ìkòkò ọbẹ̀ tó o gbé padà lọ nígbà ìsìnkú yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n má bù ú. Kò dáa bẹ́ẹ̀.”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó bá mọ Màmá Yàbá, ó pọ̀. Láti ọdún yẹn, òun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá òjò ti rọ̀ dáadáa ní Àkúrẹ́.

Bàbá ti lọ báyìí, ọjọ́ ogbó ló mú un lọ. Màmá Yàbá náà ti tẹ̀ lé e. Kẹ́mi, mi ò rí i mọ́. Àkúrẹ́ sì ti fẹ̀ dé Ọ̀bà-Ilé, débi pé èmi kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Lónìí, kò sí oṣù tí a kì í rí kùkúńbà. Wọ́n ń ta sàláàdì nínú ike funfun onídèérí, ápù àti gíréèpù tó ti ọ̀nà jíjìn wá wà nínú rẹ̀, ọlọ́kadà á sì gbé e wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tí ojú wọn kò ní kúrò lára fóònù. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ó tutù ju tiwa lọ, wọ́n sì gé e dọ́gba.

Ní oṣù tó kọjá, inú run ọmọ mi kejì lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ike náà. Ọ̀dọ́mọdébìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dára ní kí n má bínú, pé òun ò mọ ẹni tó ṣe é, pé ibòmíràn ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pa fóònù. Nígbà tiwa, bí inú bá run ènìyàn, ó mọ ẹnu ọ̀nà tó máa dúró sí láti bínú, ó sì mọ tábìlì tó máa padà jókòó tì.